Fíìmù Amúnilọ́kànsókè Tuntun àti Ti Àtijọ́: Òṣùwọ̀n Wo Ni Ó Yẹ fún Ìfiwéra Wọn?

Ìfáárà

Ọ̀kan nínú àwọn àríyànjiyàn tí kì í tán láàrin àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ àti eré àgbéléwò Yorùbá ni ọ̀rọ̀ fíìmù àtijọ́ àti ti òde òní. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dìde ní kíláàsì láti yin fíìmù tuntun kan tí ó so ọkàn òun rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní pẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fi rán an létí Aiyé tàbí Tí Olúwa Ni Ilẹ̀. Òwe tí wọ́n sábà máa ń fi dí i lẹ́nu ni pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n gbà pé irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ kí ó wáyé rárá, nítorí pé ayé ti yí padà, irinṣẹ́ ti yàtọ̀, owó tí a ń ná sí eré kò sì dọ́gba mọ́.

Ohun tí iṣẹ́ yìí dúró lé ni pé ìfiwéra náà yẹ, ó tilẹ̀ pọn dandan, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí a ń lò fún un ni kò tọ́. Bí àwòrán ti dán tó, bí owó tí a ná ti pọ̀ tó, bí orúkọ olùdarí ti rinlẹ̀ tó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè sọ fún wa bí fíìmù amúnilọ́kànsókè ṣe ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a wọ̀n ni bí fíìmù náà ṣe pín ìmọ̀: ta ni ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìgbà wo ni ó mọ̀ ọ́n, ta sì ni a fi í pamọ́ fún. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fàájì lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá gbà láìwádìí pé ti àtijọ́ ni ó dára jù ni yóò di olùkọ́ tí ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí ó ní èrò mìíràn, bí ọmọ náà tilẹ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Èyí tí ó bá sì gbà pé tuntun ni ó lọ́gbọ́n jù yóò máa kọ́ àwọn ọmọ pé iṣẹ́ àwọn tí ó la ọ̀nà kò ju ohun ìrántí lọ.

Àlọ́ Ìjàpá àti Àlọ́ Àpamọ̀

Fíìmù amúnilọ́kànsókè ni fíìmù tí ó gbé ìwà ọ̀daràn, ewu tàbí àṣírí kan ka àárín, tí ó sì so ọkàn òǹwòran rọ̀ títí àṣírí náà yóò fi tú tàbí tí ewu náà yóò fi kọjá. Ó yàtọ̀ sí fíìmù adẹ́rùbani pọ́nńbélé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì máa ń yá nǹkan lò lọ́wọ́ ara wọn.

Alfred Hitchcock, ọmọ ìlú London tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olùdarí fíìmù ní Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé kan fún François Truffaut, olùdarí ará Faransé, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ó di ìwé ní 1966. Ó ní kí a wo àwọn ènìyàn tí wọ́n jókòó sí ìdí tábìlì, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí. Bí àdó olóró bá ṣàdédé bú gbàmù lábẹ́ tábìlì náà, òǹwòran yóò ta gìrì fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, ó tán. Ṣùgbọ́n bí òǹwòran bá ti kọ́kọ́ rí ẹni tí ó gbé àdó náà síbẹ̀, tí ó sì mọ ìgbà tí yóò bú, ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí yẹn gan-an ni yóò máa mú un gbọ̀n fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ti àkọ́kọ́ ni a ó máa pè ní ìtagìrì níhìn-ín. Ti èkejì ni àfojúsọ́nà. Hitchcock kò fi bò pé àfojúsọ́nà ni òun fẹ́ràn jù.

Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí a fi hàn àti ohun tí a fi pamọ́ kí a tó gbọ́ orúkọ sinimá. Nínú àlọ́ Ìjàpá, kò sí ọmọ tí kò mọ ẹni tí ó jí nǹkan. Ohun tí àwọn ọmọ ń dúró dè ni ọ̀nà tí ọwọ́ yóò gbà tẹ̀ ẹ́. Wọ́n lè ti gbọ́ àlọ́ kan náà nígbà mẹ́wàá, síbẹ̀ wọ́n á tún fẹ́ gbọ́ ọ. Nínú àlọ́ àpamọ̀, ìdáhùn gan-an ni a gbé pamọ́. Ẹni tí ó bá ti mọ ìdáhùn kò tún ní ohun tí yóò dúró dè mọ́. Ọ̀kan ń béèrè bí ọ̀ràn yóò ṣe já sí, èkejì ń béèrè ẹni tí ó wà nídìí ọ̀ràn. Bí a bá mú ìyàtọ̀ yìí lọ́wọ́ wọ inú fíìmù, ọ̀pọ̀ nǹkan tí ariwo "àtijọ́ ló dára" àti "tuntun ló dára" bò mọ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Aiyé (1979) àti Araromire (2009)

Ọgbọ̀n ọdún ni ó wà láàrin fíìmù méjèèjì yìí, ọ̀rọ̀ agbára àìrí ni àwọn méjèèjì sì dá lé. Eré orí ìtàgé ni Aiyé kí Hubert Ògúndé tó sọ ọ́ di fíìmù. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, ni ó dojú kọ àwọn àjẹ́ tí wọ́n ń da ìlú láàmú. Kò sí ibi tí fíìmù yìí ti fi àwọn ọ̀tá pamọ́ fún òǹwòran. A rí wọn, a gbọ́ ohùn wọn, a mọ ète wọn kí àwọn ará ìlú tó mọ̀ ọ́n. Àlọ́ Ìjàpá ni ó jẹ́ ní ti ìpín ìmọ̀: òǹwòran ni ó mọ̀ jù, ìdí sì nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi ń já nígbà tí ẹ̀dá ìtàn tí kò fura bá ń rìn lọ sínú ewu.

Ó yẹ kí a rántí bí a ṣe ń wo fíìmù nígbà náà. Orí fíìmù sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n yà á sí, àwọn tí ó ni eré sì máa ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú bí wọ́n ti ṣe ń gbé eré orí ìtàgé kiri. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó ń jókòó papọ̀ nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn kan. Irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ kò nílò àṣírí kí ẹ̀rù tó bà wọ́n. Ẹ̀rù ẹni kan ń ran ẹnìkejì.

Araromire, tí a tún mọ̀ sí The Figurine, tí Kúnlé Afọláyan darí ní 2009, gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ń sin ilẹ̀ bàbá wọn rí ère òrìṣà kan nínú ojúbọ tí a ti pa tì, ọ̀kan nínú wọn sì mú un lọ. Ìtàn tí ó rọ̀ mọ́ ère náà ni pé ọdún 7 ni yóò fi mú oríire wá, ọdún 7 mìíràn ni yóò sì fi mú ibi wá. Oríire dé lóòótọ́, ibi náà sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtàn ń lọ sí òpin, ó hàn pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí a ti kà sí iṣẹ́ òrìṣà: Fẹ́mi, tí Ramsey Nouah ṣe, ni ìfẹ́ tí ó ní sí aya ọ̀rẹ́ rẹ̀ sún sí iṣẹ́ ibi. Síbẹ̀, fíìmù náà kò sọ ní ṣàkó pé òrìṣà kò lọ́wọ́ sí i. Ó fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún òǹwòran.

Àwọn lámèyítọ́ kan lè sọ pé Aiyé gba ìgbàgbọ́ Yorùbá gbọ́, tí Araromire sì ń ṣe iyèméjì sí i, kí wọ́n sì fi èyí gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ yára jù. Ohun tí ó yí padà ni ipò tí a fi òǹwòran sí. Nínú Aiyé, ó jókòó sí ipò ẹni tí ó mọ̀. Nínú Araromire, ó jókòó sí ipò ẹni tí a ń tàn jẹ, kò sì mọ̀ títí tí yóò fi pẹ́ jù. Ẹni tí ó bá tún wo Araromire lẹ́ẹ̀kejì yóò rí i pé fíìmù mìíràn ni òun ń wò: gbogbo ẹ̀rín Fẹ́mi ti ní ìtumọ̀ tuntun. Aiyé kò yí padà bẹ́ẹ̀ nígbà kejì, kò sì nílò láti yí padà. Iṣẹ́ méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ta ni yóò gbọ́?

Tí Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání darí ní 1993, tọ ipa àlọ́ Ìjàpá kan náà, ṣùgbọ́n ó mú un le sí i. Òtún Aṣíyanbí, tí Kareem Adépọ̀jù (Bàbá Wándé) ṣe, àti àwọn méjì mìíràn lẹ̀dí àpò pọ̀, wọ́n ta ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ìlú fún àwọn tí yóò fi kọ́ ilé epo. Òǹwòran mọ ọ̀daràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí méjì nínú àwọn mẹ́ta náà bá ti kú tẹ̀ léra, kò sí ẹni tí kò lè ka iye tí ó kù. Àdó olóró Hitchcock nìyẹn lábẹ́ tábìlì, àfi pé Aṣíyanbí alára mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ó ṣe ń sá kiri pa òǹwòran lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì mú ẹ̀rù kúrò. Àpapọ̀ ẹ̀rín àti ẹ̀rù yìí ṣọ̀wọ́n nínú fíìmù tuntun, ó sì yẹ kí àwọn olùdarí òde òní tún gbà á yẹ̀ wò. Bákan náà, apá mẹ́ta ni fíìmù náà jáde sí lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Òpin apá kan kì í ṣe òpin ìtàn. Ọjà fúnra rẹ̀ bá olùdarí so ọkàn ènìyàn rọ̀.

Fi October 1 ti Kúnlé Afọláyan wé e. Túndé Babalọlá ni ó kọ ọ́, 2014 ni ó sì jáde. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960, ìjọba amúnisìn rán Danladi Waziri, ọ̀gá ọlọ́pàá láti Òkè-Ọya tí olóògbé Sadiq Daba ṣe, lọ sí ìlú Akote ní ilẹ̀ Yorùbá, láti wádìí ẹni tí ń pa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Níhìn-ín, ojú apànìyàn pamọ́. Ìfura bà lé àjèjì. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ wo ọ̀nà ààfin, nítorí ọmọọba Adérópò ni ọmọ tí ìlú fi ń yangàn, ẹni tí ó kàwé gboyè tí ó sì padà wálé. Òun ni apànìyàn náà. Fíìmù yìí tún wa ihò náà jìn sí i, ó fi hàn pé àlùfáà òyìnbó tí ó mú un lọ sí ilé ìwé ti fi ìwà ìbàjẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́ nígbà èwe.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó parí sí, àlọ́ àpamọ̀ tí a ti rí ìdáhùn rẹ̀ ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ amúnisìn rọ Waziri pé kí ó má sọ ohun tí ó mọ̀ síta, kí ọjọ́ òmìnira má bàa dàrú. Ìlú kò gbọ́. Òǹwòran nìkan ni ó bá ọlọ́pàá náà gbé ẹrù òtítọ́ yẹn. Nínú Tí Olúwa Ni Ilẹ̀, ọkàn wa ń sókè nítorí pé ẹ̀san ń bọ̀. Nínú October 1, ohun tí ó ń bani nínú jẹ́ jù ni pé òtítọ́ dé, wọ́n sì sin ín. Kò sí ẹni tí yóò rí ìyàtọ̀ yìí bí kò bá fi ọ̀kan wé èkejì. Òun sì ni èsì tí ó lágbára jù sí àwọn tí wọ́n ní kí á má ṣe ìfiwéra.

Ẹ̀sùn kan tún wà tí ó yẹ kí a dá lóhùn: pé àṣà òyìnbó ni kí a fi ọ̀daràn pamọ́ títí dé òpin, àti pé fíìmù tuntun ń sá kúrò nílé. Àwọn olùkọ́ ìwé ìtàn àròsọ mọ̀ pé èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti wà nínú ìwé Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé, tí ó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ni ó ń lépa àwọn ọ̀daràn nínú wọn. Kọ́lá Akínlàdé ní tirẹ̀ fi ìbéèrè ṣe orúkọ ìwé: Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ó dùn mọ́ni pé nínú àkọlé yìí, ọmọ ọba ni wọ́n pa. Nínú October 1, ọmọ ọba ni ó ń pànìyàn. Kò sí ẹ̀rí pé olùdarí náà ní ìwé yẹn lọ́kàn, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti ní iṣẹ́ àṣekágbá tí ó gbámúṣé lọ́wọ́. Orí ìwé ni ọ̀nà yìí ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ láàrin wa kí ó tó dé orí fíìmù.

Ibi tí ìfiwéra ti ń ṣìnà

Àpẹẹrẹ tí ó mọ́ jù wá láti Amẹ́ríkà. Ní 1960, Hitchcock gbé Psycho jáde, fíìmù dúdú àti funfun tí kò ná an ju nǹkan bí 800,000 dọ́là lọ. Obìnrin kan jí 40,000 dọ́là, ó sì sá lọ. Òǹwòran gbà pé ìtàn rẹ̀ ni òun ń wò. Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n gún un pa ní ibi tí ó ti ń wẹ̀. Irú èyí kò wọ́pọ̀ nígbà náà, kí a pa òṣèré tí orúkọ rẹ̀ fa ọ̀pọ̀ ènìyàn wá láàrin ìtàn. Hitchcock tilẹ̀ ní kí àwọn ilé sinimá má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1998, Gus Van Sant tún fíìmù náà yà ní aláwọ̀ mèremère, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ ní ìran dé ìran, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Àwọn lámèyítọ́ kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, owó tí ó pa kò sì tó ohun tí wọ́n ná.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó wà lójú àwòrán nìkan ni fíìmù amúnilọ́kànsókè, ìyàtọ̀ díẹ̀ ni ìbá wà láàrin méjèèjì. Ohun tí Van Sant kò lè tún yà ni àìmọ̀kan òǹwòran ọdún 1960. Fíìmù àtijọ́ ti kọ́ ojú wa ní ọgbọ́n, ojú tí ó gbọ́n náà ni a sì fi ń wo tuntun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé fíìmù òní kò ya òun lẹ́nu bí ti àná ń ròyìn ara rẹ̀, kì í ṣe fíìmù náà.

Ìrántí pẹ̀lú máa ń tan ènìyàn. Ọ̀pọ̀ tí ń fi Aiyé gún ọmọdé lójú wò ó nígbà èwe, wọn kò sì tún rí i láti ìgbà náà. Ìrántí ni wọ́n ń fi wé fíìmù tí wọ́n wò lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Ẹ̀bi wọn nìkan kọ́, nítorí kò rọrùn láti rí ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà náà wò. Shaihu Umar, fíìmù èdè Haúsá tí Adamu Halilu darí ní 1976, ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé ó ti sọnù kí wọ́n tó rí i ní ibi ìpamọ́ fíìmù ní Jos ní 2016. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní 2018. Kì í ṣe fíìmù amúnilọ́kànsókè, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ti àtijọ́ pẹ̀lú ẹ̀rí.

Àwọn fíìmù kan sì wà tí wọ́n fúnra wọn pe ìfiwéra. Living in Bondage, fíìmù èdè Ìgbò tí Chris Obi Rapu darí ní 1992, sọ̀tàn Andy tí ó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe ètùtù owó. Ní 2019, Ramsey Nouah darí Living in Bondage: Breaking Free, tí ó dá lé ọmọ Andy. Fíìmù tí ó bá jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ kò lè bínú pé wọ́n ń fi òun wé bàbá òun.

Nínú kíláàsì

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí ṣiṣẹ́ kò nílò ju ìran kan péré lọ láti inú fíìmù méjì. Kí ó fi ìran Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ kan hàn lẹ́yìn ikú ẹnìkejì, kí ó sì dá a dúró lójijì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí Aṣíyanbí mọ̀ sí apá kan ìwé, ohun tí ará ìlú mọ̀ sí apá kejì, ohun tí àwọn fúnra wọn mọ̀ sí apá kẹta. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú October 1 ní ibi tí ọmọọba ti ń bá àwọn ará ìlú ṣeré. Àwọn tí wọ́n ti wo fíìmù náà rí àti àwọn tí kò tíì wò ó kò ní kọ ohun kan náà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Máàkì kò gbọdọ̀ wà fún pé akẹ́kọ̀ọ́ yan ti àtijọ́ tàbí ti òní. Kí máàkì wà fún ìran tí ó tọ́ka sí, àti fún bí ó ti ṣàlàyé ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí ẹ̀dà fíìmù àtijọ́ wò, kí olùkọ́ má fipá mú un kọ nípa rẹ̀ láti inú ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àgbà; kí ó fún un ní Àgbàlagbà Akàn tàbí Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? láti kà dípò rẹ̀, nítorí pé ìwé ṣì rọrùn í rí ju fíìmù lọ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́.